John Herschel: Ọkùnrin tó gbé òǹkà kékeré sórí àmì ìṣirò

Nínú ọgbà ìgbafẹ́ Joubert Park ní ìlú Johannesburg, lórílẹ̀-èdè South Africa, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn tó ń ya fọ́tò ti ń fi kámẹ́rà wá oúnjẹ òòjọ́. Tọkọtaya, ọmọ iléèwé àti àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú máa ń dúró síwájú wọn, kí wọ́n lè rí àwòrán fi ránṣẹ́ sílé. Ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà Johannesburg, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1915, wà nínú ọgbà yìí kan náà. Àdúgbò Hillbrow, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà mọ̀ bí ẹní mowó, kò sì jìnnà síbẹ̀.

Nígbà tí fíìmù ṣì wà lóde, orí nẹ́gátíìfù ni fọ́tò ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Lórí nẹ́gátíìfù, irun dúdú á di funfun, aṣọ funfun á di dúdú. Tí wọ́n bá wá tẹ nẹ́gátíìfù náà sórí ìwé, ohun gbogbo á padà sí bó ṣe wà. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀mejì: ti àkọ́kọ́ sọ ìmọ́lẹ̀ di òkùnkùn, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì tú ohun tí ti àkọ́kọ́ ṣe.

Ọkùnrin tó fún nẹ́gátíìfù ní orúkọ, tó sì ṣàwárí oògùn tí kì í jẹ́ kí fọ́tò parẹ́, òun náà ló kọ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò bí wọn yóò ṣe máa kọ iṣẹ́ tí a ṣe léraléra àti iṣẹ́ tí a tú padà. John Frederick William Herschel ni orúkọ rẹ̀.

Herschel kò fojú rí Johannesburg, nítorí ọdún 1886 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tí ó kú. Ṣùgbọ́n ó lo ọdún mẹ́rin ní South Africa. Lónìí, àmì tó fi lélẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ ìṣirò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, yálà ní Ìbàdàn, ní Kútọnu tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọmọ awòràwọ̀

Ọjọ́ 7, oṣù Kẹta, ọdún 1792 ni wọ́n bí John Herschel ní Slough, nílẹ̀ England. Òun nìkan ni ọmọ tí bàbá rẹ̀, William Herschel, bí. Olórin ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni William tẹ́lẹ̀ kó tó gbájú mọ́ wíwo ìràwọ̀, òun ló sì ṣàwárí plánẹ́ẹ̀tì Uranus lọ́dún 1781. Caroline, àbúrò William lóbìnrin, náà jẹ́ awòràwọ̀ tó ṣàwárí àwọn ìràwọ̀ onírù mélòó kan.

Nínú ọgbà ilé wọn, awò awọ̀nàjíjìn kan wà tí gígùn rẹ̀ tó 40 ẹsẹ̀ bàtà. Abẹ́ òjìji awò yìí ni John dàgbà sí.

Ọmọ ẹkùn kò níí ṣe kó má jọ ẹkùn. Lọ́dún 1809, John wọ St John's College ní Yunifásítì Cambridge. Nígbà tí ó ṣe ìdánwò àṣekágbá nínú ìmọ̀ ìṣirò lọ́dún 1813, òun ló gba ipò kìíní. Lọ́dún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Royal Society gbà á wọlé. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún péré ni.

Ìjà lórí àmì

Ìmọ̀ ìṣirò ní England ìgbà náà ti há sójú kan, ìdí rẹ̀ sì ni ìfẹ́ tí wọ́n ní sí akọni ilẹ̀ wọn. Ẹni méjì ló dá ẹ̀ka ìṣirò tí wọ́n ń pè ní calculus sílẹ̀, láìjẹ́ pé ọ̀kan kọ́ ọ lọ́dọ̀ èkejì: Isaac Newton ní England àti Gottfried Leibniz ní Jámánì. Lẹ́yìn tí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, àwọn ará England kọ̀, wọn kò lo àmì mìíràn yàtọ̀ sí ti Newton fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní àkókò yẹn, àwọn ará Faransé àti Jámánì ń fi ti Leibniz rin ọ̀nà tó jìn.

Kí ni àmì lásán fẹ́ ṣe tó fi tó ìjà? Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó. Bí a bá mọ ibi tí ọkọ̀ náà wà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, calculus á jẹ́ ká mọ bó ṣe ń sáré tó. Bí a bá tún ṣe iṣẹ́ ìṣirò kan náà sí eré rẹ̀, a ó mọ bí eré náà ṣe ń pọ̀ sí i tàbí bó ṣe ń dín kù. Iṣẹ́ kan ni a ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Newton á fi ẹ̀ka kan, ìyẹn àmì tóótó, sórí lẹ́tà fún iṣẹ́ àkọ́kọ́, á sì fi méjì sí i fún iṣẹ́ kejì. Leibniz ní tirẹ̀ á kọ d, lẹ́yìn náà d². Fún ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà bá di ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ta ni yóò jókòó ti kíka àmì tóótó? Bí a bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iye ìgbà tí a kò tíì mọ̀, dⁿ á gbà á láìjanpata, àmì tóótó kò ní ibi tí yóò gbé n sí.

Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Lọ́dún 1812, Herschel àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Cambridge, lára wọn Charles Babbage àti George Peacock, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Analytical Society. Ohun tí wọ́n ń lé ni pé kí England gba àmì Leibniz. Àwọn mẹ́ta yìí gbé ìwé ẹ̀kọ́ onímọ̀ Faransé kan, Sylvestre Lacroix, jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1816. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Peacock di ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣètò ìdánwò Cambridge, ó fi àmì d sínú ìbéèrè. Lọ́dún 1820, wọ́n tún kó àwọn àpẹẹrẹ iṣẹ́ ìṣirò jọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Díẹ̀díẹ̀, àmì d gbilẹ̀ ní Cambridge, ó sì tàn kálẹ̀ ní England.

Òǹkà kékeré tó wà lókè

Ìwé tí Herschel kọ sí Royal Society, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1813, ni ó ti gbé ìgbésẹ̀ tirẹ̀. Ó wò ó pé bí d² bá túmọ̀ sí pé kí a ṣe iṣẹ́ d lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ìdí tí a kò fi lè kọ irú òǹkà bẹ́ẹ̀ sórí iṣẹ́ ìṣirò yòówù.

Ẹ jẹ́ ká fi lẹ́tà f dúró fún iṣẹ́ kan: sísọ òǹkà di ìlọ́po méjì. Bí a bá ṣe f sí 5, a ó rí 10. Bí a bá tún ṣe f sí 10, a ó rí 20. Dípò tí a ó fi máa kọ f lẹ́ẹ̀mejì, a kọ f², f² ti 5 sì jẹ́ 20. Lọ́nà kan náà, f³ ti 5 jẹ́ 40. Òǹkà kékeré tó wà lókè kò sọ pé kí a sọ èsì di púpọ̀, iye ìgbà tí a ó ṣe iṣẹ́ náà ló ń kà.

Níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn nìyí. Bí a bá ṣe f lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí a sì tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni a ṣe é, nítorí 3 àti 2 jẹ́ 5. Bí ìṣirò orí òǹkà kékeré yìí bá máa dúró déédéé, f⁰ ní láti túmọ̀ sí pé a kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Òǹkà tí àmì àyọkúrò wà níwájú rẹ̀, bí i f⁻¹, ní láti túmọ̀ sí iṣẹ́ tí yóò tú f padà. Bí f bá sọ 5 di 10, f⁻¹ á sọ 10 di 5.

Ìdí nìyẹn tí Herschel fi kọ sin⁻¹. Sin ti igun dígírì 30 jẹ́ ìdajì, ìyẹn 0.5. Nítorí náà, sin⁻¹ ti 0.5 ń béèrè igun tí sin rẹ̀ jẹ́ ìdajì, èsì rẹ̀ sì ni dígírì 30. Ó tún fi hàn pé àmì náà bá calculus mu: bí d bá ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà di eré tó ń sá, d⁻¹ á sọ eré náà padà di ibi tó wà.

Ṣùgbọ́n títú iṣẹ́ padà ní ìkìlọ̀ tirẹ̀. Bí a tilẹ̀ mọ eré tí ọkọ̀ sá ní gbogbo ìṣẹ́jú, a kò lè sọ ibi tó wà láìmọ ibi tó ti gbéra. Bẹ́ẹ̀ náà ni igun dígírì 150 ní sin kan náà pẹ̀lú dígírì 30. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi fẹnu kò lórí èyí tí ẹ̀rọ yóò mú jáde. Bákan náà, ẹni tó wọ bùbá kó tó wọ agbádá ní láti kọ́kọ́ bọ́ agbádá. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ méjì tí a tò tẹ̀ lé ara wọn, ti ìgbẹ̀yìn ni a ó kọ́kọ́ tú.

Ibi tí àmì náà ti ń ṣini lọ́nà

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti pàdánù máàkì nítorí òǹkà kékeré yìí. Wọ́n ti kọ́ wọn pé 5⁻¹ túmọ̀ sí 1 tí a fi 5 pín. Nítorí bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé sin⁻¹ túmọ̀ sí 1 tí a fi sin pín. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Bí a bá fi sin ti dígírì 30 pín 1, èsì rẹ̀ jẹ́ 2, kì í ṣe igun rárá. Herschel fúnra rẹ̀ ti rí ewu yìí, ó sì ṣe àlàyé sínú ìwé ọdún 1813 náà kí àwọn òǹkàwé má baà ṣì í kà.

Ohun tí kò lè yí padà ni àṣà tó ti fìdí múlẹ̀. Àwọn ènìyàn ń kọ sin²x fún sin x tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀. Lójú Herschel, bí àmì bá máa jẹ́ olóòótọ́, sin²x ní láti túmọ̀ sí sin ti sin x. Ayé kò gbọ́ tirẹ̀ lórí ìyẹn. Títí di òní, òǹkà 2 tó wà lórí sin ń tẹ̀ lé òfin kan, ⁻¹ tó wà lórí sin kan náà sì ń tẹ̀ lé òmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí èyí bá dààmú kì í ṣe òpè, àmì náà gan-an ni kò ṣọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni Herschel gbọ́ pé onímọ̀ ìṣirò ọmọ Jámánì kan, Hans Heinrich Bürmann, ti lo irú àmì bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1820, ó jẹ́wọ́ èyí ní gbangba, kò sì gbìyànjú láti bo orúkọ Bürmann mọ́lẹ̀. Fún ìran kan tó dàgbà nínú ìjà Newton àti Leibniz, ìwà ọmọlúàbí gidi ni.

Àṣìṣe inú àtẹ òǹkà

Lọ́dún 1821, Herschel àti Babbage jókòó láti yẹ àtẹ òǹkà kan wò, èyí tí àwọn awòràwọ̀ ń lò. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣírò gbogbo rẹ̀, àṣìṣe sì kún inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré, nítorí irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ni àwọn atukọ̀ ojú omi fi ń mọ ibi tí wọ́n wà lórí òkun. Níbẹ̀ ni èrò ẹ̀rọ tí yóò máa ṣírò fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ lọ́kàn Babbage.

Orí iṣẹ́ tí a ṣe léraléra ni ẹ̀rọ náà dúró lé. Ẹ wo àwọn òǹkà yìí: 1, 4, 9, 16, 25. Bí a bá yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú èyí tó tẹ̀ lé e, a ó rí 3, 5, 7, 9. Bí a bá tún ṣe iṣẹ́ ìyọkúrò kan náà sí ìwọ̀nyí, a ó rí 2, 2, 2. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ń kọ ìṣe àkọ́kọ́ ní Δ, èkejì ní Δ². Níwọ̀n ìgbà tí Δ² kò yí padà, ẹ̀rọ tó mọ ìròpọ̀ nìkan lè gba ẹ̀yìn padà wá, kó kọ gbogbo àtẹ náà jáde láìṣìṣe.

Babbage kò rí ẹ̀rọ náà parí kó tó kú. Lọ́dún 1991, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù fi àwòrán tó yà sílẹ̀ kọ́ ẹ̀ka ìṣirò ọ̀kan lára wọn, ó sì ṣiṣẹ́.

Ọdún mẹ́rin ní Cape

Bàbá Herschel kú lọ́dún 1822, ìyá rẹ̀ náà sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1832. William ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ojú ọ̀run apá àríwá. Ti apá gúúsù, tí a kò lè rí láti England, ló ṣẹ́ kù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1833, John, Margaret ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn mẹ́ta wọ ọkọ̀ ojú omi. Owó ara rẹ̀ ló fi gbọ́ bùkátà ìrìn àjò náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1834, wọ́n gúnlẹ̀ sí Cape Town.

Ní ibùgbé tí wọ́n ń pè ní Feldhausen, lẹ́bàá òkè Table Mountain, ó gbé awò awọ̀nàjíjìn tí gígùn rẹ̀ tó 20 ẹsẹ̀ bàtà ró. Lóru, ó ń ka ìràwọ̀. Ó to ìkùukùu ìmọ́lẹ̀ àti ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó lé ní 1,700 sínú ìwé, pẹ̀lú ìràwọ̀ ìbejì tó lé ní 2,100. Ó wo ìràwọ̀ onírù ti Halley nígbà tí ó tún yọjú lọ́dún 1835. Lọ́sàn-án, òun àti Margaret ń ya àwòrán òdòdó ilẹ̀ náà: ọkọ á fa ìlà rẹ̀, ìyàwó á kun ún. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1836, Charles Darwin tó ń rin ìrìn àjò yí ayé ká yà kí i.

Nígbà tí Herschel ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Cape, ìwé ìròyìn kan ní New York gbé irọ́ ńlá jáde lọ́dún 1835 pé ó ti fi awò rẹ̀ rí àwọn ẹ̀dá abìyẹ́ lórí òṣùpá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á gbọ́. Ọkùnrin tó fi ayé rẹ̀ wá àmì tí kò ní purọ́ wá di ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ ta ayédèrú ìròyìn.

Ojú Herschel ni ìdásílẹ̀ ẹrú ṣe ní Cape. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kejìlá, ọdún 1834, òfin sọ àwọn ẹrú di òmìnira, ṣùgbọ́n òfin yẹn kan náà dè wọ́n mọ́ ọ̀gá wọn fún ọdún mẹ́rin sí i gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́. Herschel ti padà sí England lọ́dún 1838 kí ọdún mẹ́rin náà tó pé. Ohun tí òun fi ọwọ́ sí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́: ó gba ìjọba nímọ̀ràn lórí bí iléèwé ṣe yẹ kó rí, ìmọ̀ràn rẹ̀ sì wà lára ohun tí ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1839 ní Cape dúró lé. Òpó òkúta ìrántí rẹ̀ ṣì wà ní ibi tí awò rẹ̀ ti dúró rí, nínú ọgbà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Claremont.

Àwòrán tí kò parẹ́

Lọ́dún 1819, Herschel ti ṣàwárí oògùn kan tó lè yọ́ iyọ̀ fàdákà. Fún ogún ọdún, kò sí ẹni tó mọ ìwúlò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1839, ìròyìn dé pé ará Faransé kan, Louis Daguerre, ti fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Herschel ya tirẹ̀, ó sì fi oògùn náà fọ̀ ọ́ kí ìmọ́lẹ̀ má baà bà á jẹ́ mọ́. Oògùn yẹn ni àwọn tó ń fọ fíìmù wá ń lò jákèjádò ayé.

Òun ló gbé ọ̀rọ̀ fótógíráfì kalẹ̀ fún Royal Society lọ́dún yẹn, òun náà ló sì sọ àwòrán tó yí padà ní nẹ́gátíìfù, tó sì pe èyí tó padà bọ̀ sípò ní pọ́sítíìfù. Ọ̀rọ̀ onímọ̀ ìṣirò ni. Bí a bá fi N dúró fún yíyí ìmọ́lẹ̀ padà sí òkùnkùn, N² kò yí nǹkan kan padà, N sì ni N⁻¹ ara rẹ̀. Lọ́dún 1842, ó tún dá ọ̀nà kan sílẹ̀ láti tẹ àwòrán aláwọ̀ búlúù bí aró, èyí tí àwọn ayàwòrán ilé lò fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ Newton

Ní ọjọ́ orí àgbà, ìjọba fi Herschel ṣe olórí ilé iṣẹ́ tó ń rọ owó ẹyọ, ipò tí Newton náà ti dì mú rí. Láti ọdún 1850 sí 1855 ló fi ṣe é, iṣẹ́ náà sì mu ún lómi púpọ̀ débi tí ara rẹ̀ kò fi gbà á mọ́. Ó kú ní ọjọ́ 11, oṣù Karùn-ún, ọdún 1871, nílé rẹ̀ ní Kent, ní ẹni ọdún 79. Ọmọ méjìlá ni òun àti Margaret bí.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sin ín sí, nítòsí ibojì Newton. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá àmì tóótó Newton jà ní Cambridge wá sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí ìṣòro níbẹ̀, nítorí kì í ṣe ìmọ̀ Newton ni ó bá jà, bí kò ṣe àṣà àwọn tó sọ àmì Newton di ohun tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tẹ sin⁻¹ lórí ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ lónìí, ìbéèrè Herschel ló ń béèrè: iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe kí èyí tó di bó ṣe dà, báwo ni a ó sì ṣe tú u? Ìbéèrè yẹn kan náà ni àwọn tó ń fọ fíìmù ń dáhùn láyé ọjọ́un, nígbà tí wọ́n bá tẹ nẹ́gátíìfù sórí ìwé, tí ojú ẹni tó dúró ní Joubert Park sì padà dúdú, tó ń dán, bí ó ṣe wà lábẹ́ oòrùn.